Orí Keje: Bí Àlàyé Inú Kóòdù Kernel Ṣe Gbọ́dọ̀ Máa Bá Kóòdù Mu

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe lẹ́yìn orí yìí

- yóò lè dá oríṣi àlàyé mẹ́ta mọ̀, kí ó sì sọ èyí tó tètè máa ń di irọ́;
- yóò lè ṣàlàyé ọ̀nà tí àlàyé tó jẹ́ òótọ́ lánàá fi ń di irọ́ lónìí;
- yóò lè gbé àdéhùn tó wà nínú àlàyé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe;
- yóò lè yẹ patch (ìyẹn àkójọ àyípadà kóòdù tí a ń fi ránṣẹ́) tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wò kí àlàyé tó ti gbó má bàa kọjá lábẹ́ ojú rẹ̀.

7.1 Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá

Ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì ní Fìdítì ń gba owó lórí fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìlọràá ń fi fóònù ka ìwé, ó sì ń fi í bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí fóònù àwọn méjèèjì bá jẹ́ Android, ì báà jẹ́ Tecno, Infinix tàbí Samsung, Linux ni kernel tó wà nínú rẹ̀. Kernel ni apá ètò ìṣiṣẹ́ tó súnmọ́ ẹ̀rọ jù lọ. Òun ló ń pín mẹ́mòrì, òun ló ń sọ ètò tí yóò ṣiṣẹ́ báyìí àti èyí tí yóò dúró, òun náà ló sì ń bá bátìrì, kámẹ́rà àti íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Bí ètò kan lórí fóònù bá ṣe àṣìṣe, ètò yẹn nìkan ló máa kú. Bí kernel bá ṣe àṣìṣe, gbogbo fóònù ló lè dákẹ́, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ á sì há sójú ọ̀nà.

Ọdún 1991 ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland. Lónìí, ìlà kóòdù rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 30, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ń lọ́wọ́ sí i káàkiri ayé. Púpọ̀ nínú wọn kò rí ara wọn sójú rí. Ẹni tó kọ function kan ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ju méjì lọ: kóòdù fúnra rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù láti là á yé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kóòdù yìí ni à ń pè ní àlàyé.

Kóòdù ní olùyẹ̀wò. Compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, ń kà á, bí kóòdù bá sì kọsẹ̀, yóò sọ. Àlàyé kì í sábà ní olùyẹ̀wò, nítorí pé ńṣe ni compiler sábà máa ń fò ó kọjá. Ènìyàn ló ń kà á, ènìyàn ló sì ń gbà á gbọ́. Ìdí nìyí tí orí yìí fi dá lórí ìlànà kan ṣoṣo: ẹni tó bá yí kóòdù padà ni kó yí àlàyé rẹ̀ padà, nínú patch kan náà, òtítọ́ tí ẹ̀rọ bá sì lè bá wa ṣọ́, kí a má fi í sílẹ̀ fún àlàyé nìkan.

7.2 Oríṣi àlàyé mẹ́ta

(a) *Àlàyé tó ń sọ bí kóòdù ṣe ń ṣiṣẹ́.* Èyí ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, òun ló sì tètè máa ń gbó jù. Ó ń tún ohun tí kóòdù ti sọ sọ ni. Nígbàkígbà tí kóòdù bá yí, ó di dandan kí òun náà yí. Ìwé ìlànà ìkọ̀wé tí àwọn tó ń kọ Linux ń tẹ̀lé, tó wà nínú kernel fúnra rẹ̀ ní `Documentation/process/coding-style.rst`, kìlọ̀ gidigidi nípa irú rẹ̀. Ó ní kí a kọ kóòdù tó ṣe kedere, kí a má máa fi àlàyé gbé kóòdù tó lọ́jú pọ̀ ró. Ohun tí kóòdù ń ṣe ni kí àlàyé sọ, kí ó wà lókè function, bí ó bá sì ṣeé ṣe kí ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

(b) *Àlàyé tó ń sọ ìdí.* Kóòdù lè fi hàn wá pé a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí a tó tún béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kò lè sọ fún wa pé ẹ̀rọ náà ló ní àléébù tó ń mú un dákẹ́ bí a bá kánjú. Irú àlàyé yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì níye lórí, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí òǹkàwé ti lè rí i.

(d) *Àlàyé tó jẹ́ àdéhùn.* Ó ń sọ ohun tí ẹni tó pe function gbọ́dọ̀ ṣe kó tó pè é, àti ohun tí function náà yóò ṣe fún un. Bí àpẹẹrẹ: «ẹni tó bá pè mí gbọ́dọ̀ ti di àgádágodo (lock) yìí mú», tàbí «mo lè sùn, ẹ má pè mí nínú interrupt». Nínú kernel, àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ. Bí ẹnì kan bá dà á, ohun méjì lè jọ máa kọ sí mẹ́mòrì kan náà, kí àṣìṣe máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò ní ṣeé tọpa.

7.3 Àpẹẹrẹ kan ní kúkúrú

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlọràá ń kọ driver, ìyẹn kóòdù tí kernel fi ń bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀, fún ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ooru inú yàrá kan tí wọ́n ń kó ọsàn sí ní Fìdítì kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ máa ka ooru ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹnì kejì rí i pé bátìrì ń tètè tán, ó sì yí 5 sí 30. Èyí ni kóòdù tó fi sílẹ̀:

```c
/* Ka ooru ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 síra. */
schedule_delayed_work(&s->ise, 30 * HZ);
```

`HZ` ni iye ìgbà tí aago kernel ń lù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà `30 * HZ` jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30. Kóòdù náà ṣeé kọ́, ó ṣeé lò, compiler kò sì rí àléébù kankan níbẹ̀.

Ẹnì kẹta wá kọ ètò ìkìlọ̀. Ó fẹ́ kí ìkìlọ̀ dún bí ooru bá ti ga fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ka àlàyé, ó rí 5, ó sì ṣírò pé kíkà mẹ́fà ni ìdajì ìṣẹ́jú. Ìṣírò rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tó gbé e lé ni kò tọ̀nà. Kíkà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Ìkìlọ̀ yóò pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́fà, kò sì sí ìlà kóòdù kan tí a lè nawọ́ sí pé òun ló ṣẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kejì ni àṣìṣe ti wá: ó tún kóòdù ṣe, ó fi àlàyé sílẹ̀.

Àtúnṣe tó dára ju kí a kàn yí 5 sí 30 nínú àlàyé lọ nìyí:

```c
/*
 * Kíkà lemọ́lemọ́ ń tán bátìrì kíákíá, ìdí nìyí
 * tí a kò fi kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín àsìkò yìí.
 */
#define AAYE_KIKA_SEC    30
#define ASIKO_IKILO_SEC  30
#define KIKA_FUN_IKILO   (ASIKO_IKILO_SEC / AAYE_KIKA_SEC)

schedule_delayed_work(&s->ise, AAYE_KIKA_SEC * HZ);
```

Ẹ wo ohun mẹ́ta tó yí padà. Nọ́ńbà náà wà ní ibì kan ṣoṣo, àlàyé kò sì tún un sọ mọ́. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá ni. Ètò ìkìlọ̀ sì ń ṣírò láti ara nọ́ńbà náà, kì í ṣe láti ara ohun tí ẹnì kan kà. Ìdí nìkan ló kù fún àlàyé láti sọ, ìdí náà yóò sì ṣì jẹ́ òótọ́ bí 30 bá di 10 lọ́la.

7.4 Ohun tí Unix kọ́ wa ní 1975

Àpẹẹrẹ kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ nípa kernel máa ń gbọ́. Ní 1975, iléeṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀dà kẹfà Unix jáde, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie léwájú nínú kíkọ rẹ̀. Nínú fáìlì `slp.c`, níbi tí kernel ti ń fi ètò kan sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, àlàyé kan wà tó sọ fún òǹkàwé pé wọn kò retí pé kí ibẹ̀ yé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ka kóòdù náà pẹ̀lú ìwé tí John Lions kọ lé e lórí ní Yunifásítì New South Wales ní Australia bá àlàyé yìí pàdé, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Ritchie ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwọn kò fi pe ẹnikẹ́ni níjà. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí olùkọ́ bá ní ohun kan kò ní jáde nínú ìdánwò. Ó tún sọ ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yé àwọn fúnra wọn. Ọ̀nà tí kóòdù náà gbà ń bọ́ láti orí ètò kan sí òmíràn gbára lé bí compiler ẹ̀rọ PDP-11 ṣe ń tọ́jú nǹkan nígbà tí a bá pe function. Lórí PDP-11, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Unix lọ sórí ẹ̀rọ Interdata, tí compiler rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà náà dáwọ́ dúró, ó sì di dandan kí wọ́n tún un kọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ibi tí àlàyé bá ti ṣòro láti kọ, kóòdù ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí a bá jókòó ti ìlà márùn-ún tí a kò sì lè sọ ìdí tí wọ́n fi tọ̀nà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò tọ̀nà. Ohun tí ìbá gba àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sílẹ̀ níbẹ̀ ni gbólóhùn kan tó ní: kóòdù yìí gbára lé ìṣe compiler PDP-11.

7.5 Bí àlàyé tó jẹ́ òótọ́ ṣe ń di irọ́

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀:

(a) Kóòdù yí, àlàyé dúró, bí a ti rí i ní 7.3.

(b) Wọ́n da kóòdù kọ láti inú driver mìíràn, àlàyé sì tẹ̀lé e wá. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀.

(d) Ohun tí àlàyé ń sọ wà ní fáìlì mìíràn. Ẹni tó yí fáìlì yẹn padà kò mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.

(e) Orúkọ yí padà.

Bí pátákó ní oríta bá ṣì ń tọ́ka Ìlọràá sí ọ̀nà tí kò lọ síbẹ̀ mọ́, àlejò tó rí i yóò wa ọkọ̀ lọ láìbéèrè, nígbà tí ẹni tí kò rí pátákó rárá yóò dúró bi àwọn ará ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àlàyé tó ti gbó ṣe burú ju àìsí àlàyé lọ: ó ń mú ìbéèrè kúrò lẹ́nu ẹni tó yẹ kó béèrè.

Ọ̀nà kẹrin yẹ ní títúpalẹ̀, nítorí pé àpẹẹrẹ rẹ̀ tó dára jù wà nínú Linux. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àgádágodo kan tó ń jẹ́ `mmap_sem` ló ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ mẹ́mòrì ètò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ka àkọsílẹ̀ náà yóò kọ `down_read(&mm->mmap_sem)`, irú ìlà bẹ́ẹ̀ sì tàn káàkiri kernel. Ní 2020, Michel Lespinasse kọ ọ̀wọ́ patch kan tó wọ Linux 5.8. Ó fi àwọn function tuntun bíi `mmap_read_lock(mm)` rọ́pò ìlà àtijọ́, ó sì yí orúkọ àgádágodo náà sí `mmap_lock`.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n fi Coccinelle yí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìlà náà padà. Coccinelle jẹ́ irinṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Faransé ṣe, tó ń wá irú kóòdù kan káàkiri tó sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Patch mìíràn mú ìlà tí Coccinelle fò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yí orúkọ àgádágodo náà gan-an padà. Láti ìgbà náà lọ, ìlà kóòdù èyíkéyìí tó bá ṣì ń pe orúkọ àtijọ́ kò ní gba inú compiler kọjá. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn wá èyí tó kù.

Àlàyé ńkọ́? Inú ọ̀pọ̀ àlàyé ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹni tó ń pe function di `mmap_sem` mú. Compiler kò ní pariwo lórí ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà ni ọ̀wọ́ náà fi ní patch méjì tó dá dúró ní ìparí, tó jẹ́ pé àlàyé nìkan ni wọ́n tún ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ kò ka iṣẹ́ náà sí èyí tó parí títí tí ọ̀rọ̀ fi bá kóòdù dọ́gba. Irú iṣẹ́ tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ nìyí: nígbà tí orúkọ bá yí, ẹ fi `git grep` wá orúkọ àtijọ́ ní gbogbo ilé kóòdù, kì í ṣe nínú fáìlì tí ẹ ṣí nìkan.

7.6 Nígbà tí àlàyé àti kóòdù bá ta kora, ta ló jẹ̀bi?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kóòdù ló máa ń tọ̀nà nígbà gbogbo, pé àlàyé ni kí a pa rẹ́. Ìwádìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2007, Lin Tan, Ding Yuan, Gopal Krishna àti Yuanyuan Zhou gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ iComment kalẹ̀ ní àpérò SOSP. Irinṣẹ́ náà ń ka àlàyé, ó ń yọ òfin jáde nínú rẹ̀, ó sì ń wò ó bóyá kóòdù pa òfin náà mọ́. Wọ́n lò ó lórí ètò ńlá mẹ́rin: Linux, Mozilla, Wine àti Apache. Ó yọ òfin 1,832 jáde, ó sì rí ibi 60 tí àlàyé àti kóòdù ti ta kora. Nínú 60 yìí, 33 jẹ́ àṣìṣe inú kóòdù, 27 sì jẹ́ àlàyé tí kò tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi máa tẹ ìwádìí náà jáde, àwọn tó ni ètò wọ̀nyí ti gbà pé òótọ́ ni 19 nínú wọn.

Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn wá láti inú driver SCSI kan nínú Linux ìgbà náà, `in2000.c`. Àlàyé wà lórí function `reset_hardware` pé ẹni tó bá pè é gbọ́dọ̀ di àgádágodo mú. Function mìíràn nínú fáìlì kan náà ń pè é láìdi ohunkóhun mú. Àlàyé ló ń sọ òtítọ́. Kóòdù ló ṣẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àlàyé tó ta ko kóòdù, ẹ má kánjú pa á rẹ́. Ẹ fi `git blame` wo ìgbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan wọlé, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú patch rẹ̀. Bí kóòdù bá yí lẹ́yìn àlàyé tí ìdí rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ patch náà, àlàyé ló gbó. Bí kò bá sí ìdí kankan, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àṣìṣe gidi. Ẹni tó bá pa àlàyé bẹ́ẹ̀ rẹ́ ti pa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu mọ́.

7.7 Gbígbé àdéhùn lé ẹ̀rọ lọ́wọ́

Àdéhùn tí ẹ̀rọ lè ṣọ́ kò yẹ kó dúró sínú àlàyé nìkan. Linux ní oríṣiríṣi irinṣẹ́ fún èyí.

*Àgádágodo.* Ní 2006, Ingo Molnár mú lockdep wọ Linux 2.6.18. Ó ń tọpa àgádágodo tí ètò kọ̀ọ̀kan dì mú bí kernel ṣe ń ṣiṣẹ́. Lónìí, dípò kí a kọ àdéhùn sínú àlàyé nìkan, a ó kọ ọ́ báyìí:

```c
static void tun_iye_se(struct sensor *s, int iye)
{
	lockdep_assert_held(&s->lock);
	s->iye = iye;
}
```

Bí ẹnikẹ́ni bá pe function yìí láìdi `s->lock` mú, kernel tí a kọ́ fún ìdánwò yóò kígbe, yóò sì fi ibi tí wọ́n ti pè é hàn. Nínú kernel tí a kọ́ fún fóònù ọjà, tí lockdep kò sí nínú rẹ̀, ìlà náà kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹ rántí pé ibi tí ìdánwò bá dé nìkan ni lockdep lè ṣọ́. Bákan náà ni `might_sleep()` ṣe ń ṣọ́ àdéhùn pé function kan lè sùn.

*Ìṣubú láti case kan sí èkejì.* Nínú èdè C, bí a kò bá fi `break` parí `case` kan, kóòdù yóò ṣàn wọ inú èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn a mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn a gbàgbé ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlàyé ni wọ́n fi ń sọ ìyàtọ̀. Ẹ̀dà keje compiler GCC, tó jáde ní 2017, lè kìlọ̀ nípa rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti ka àlàyé náà, ṣùgbọ́n compiler Clang kì í ka àlàyé. Nínú Linux 5.4, ní 2019, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kóòdù gan-an rọ́pò rẹ̀: `fallthrough;`. Ní oṣù Kẹjọ 2020, Gustavo A. R. Silva yí àlàyé àtijọ́ padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi. Ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ́lẹ̀ di ohun tí compiler méjèèjì lè ṣọ́.

*kernel-doc.* Àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/**` ní ìrísí tí irinṣẹ́ lè kà:

```c
/**
 * ka_ooru() - ka ooru inú yàrá
 * @s: ẹ̀rọ tí a fẹ́ kà
 * @iye: ibi tí a ó kọ ooru sí, ní ìdá ẹgbẹ̀rún dígírì Celsius
 *
 * Context: Ó lè sùn. Ẹ má pè é nínú interrupt.
 * Return: 0 bí ó bá yọrí, nọ́ńbà òdì bí ó bá kùnà.
 */
```

Bí a bá fi `make W=1` kọ́ kernel, yóò kìlọ̀ bí function bá ní ohun tí àlàyé kò dárúkọ, tàbí tí àlàyé bá ṣì ń dárúkọ ohun tí a ti yọ kúrò. Orúkọ nìkan ló lè ṣọ́. Bí ẹnì kan bá yí ìdá ẹgbẹ̀rún dígírì sí dígírì odidi, irinṣẹ́ kò ní mọ̀. Ojú ènìyàn ló gbọ́dọ̀ rí i.

*Rust.* Láti Linux 6.1, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2022, a lè kọ apá kan kernel ní èdè Rust. Níbi tí kóòdù Rust bá ti ń ṣe ohun tí compiler kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ìlànà kernel ní kí a kọ àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `SAFETY:`, kí a sì fi sọ ìdí tí ohun náà kò fi léwu. Irinṣẹ́ lè wò ó bóyá àlàyé náà wà. Bóyá ìdí náà tọ̀nà, ẹni tó ń yẹ patch wò ni yóò sọ.

7.8 Kí àlàyé sọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀: aago Èkó

Bí ẹ bá ń fi Linux sórí láptọ̀ọ̀pù ní ilẹ̀ wa, yóò ní kí ẹ mú agbègbè aago, ẹ ó sì mú `Africa/Lagos`. Fáìlì aago yìí kò sí lára kernel, ṣùgbọ́n ó ń bá ètò ìṣiṣẹ́ rìn, àwọn ará Porto-Novo ní Benin náà sì ń lo àkọsílẹ̀ kan náà. Àlàyé inú rẹ̀ jẹ́ àwòkọ́ṣe.

Aago oòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich. Fún ọdún pípẹ́, fáìlì náà sọ pé láti aago oòrùn ni Èkó ti bọ́ tààrà sí aago tó fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich, ní oṣù Kẹsàn-án 1919. Ní ìparí 2020, wọ́n tún un ṣe láti inú àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́: Èkó lo aago Greenwich láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 1905, ó padà sí aago oòrùn ní oṣù Keje 1908, ó bọ́ sí ìdajì wákàtí ṣáájú Greenwich ní oṣù Kìn-ín-ní 1914, kó tó di wákàtí kan ní 1919. Nọ́ńbà yí, àlàyé náà sì yí pẹ̀lú rẹ̀: ó sọ ọjọ́ tí àtúnṣe wọlé, ẹni tó mú un wá, àti ìwé tó ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lọ́la mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, bí driver yín bá dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdù 20 nítorí ohun tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ, ẹ dárúkọ ìwé náà àti ojú ìwé rẹ̀.

7.9 Ìlànà iṣẹ́

Kí ẹ tó fi patch ránṣẹ́:

1. Ẹ ka àlàyé tó wà lókè function tí ẹ yí padà àti èyí tó wà nínú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
2. Ẹ fi `git grep` wá orúkọ function, àgádágodo tàbí nọ́ńbà tí ẹ yí, nínú kóòdù àti nínú `Documentation/`.
3. Ẹ tún àlàyé ṣe nínú patch kan náà. Bí àlàyé náà bá ti gbó kí ẹ tó dé, ẹ ṣe patch tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ patch tó mú un gbó.
4. Ẹ lo `make W=1` àti `scripts/checkpatch.pl`. Èyí èkejì yóò kìlọ̀, bí àpẹẹrẹ, bí ẹ bá lo memory barrier láìkọ ìdí rẹ̀.
5. Àdéhùn tí ẹ bá lè sọ di kóòdù, ẹ sọ ọ́ di kóòdù.

Ẹni tó ń yẹ patch wò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Patch ń fi ìlà tó yí hàn, àti ìlà mélòó kan lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Àlàyé tó wà ní ogójì ìlà sókè kò ní hàn. Ẹ ṣí fáìlì náà gan-an.

Àtúnṣe àlàyé jẹ́ ọ̀nà rere fún ẹni tó fẹ́ wọ iṣẹ́ kernel, nítorí pé kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Láptọ̀ọ̀pù kan àti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tó ń bọ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ títún lẹ́tà ṣe nìkan. Ẹni tó fẹ́ fi hàn pé àlàyé kan kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ ka kóòdù náà débi tó fi yé e ju ẹni tó kọ àlàyé lọ, òye yẹn ni àwọn alábòójútó kernel sì ń wá lára ẹni tuntun.

Àkótán

Àlàyé ni apá kernel tí ẹ̀rọ kì í sábà yẹ̀ wò, nítorí náà ojúṣe rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó yí kóòdù. Àlàyé tó ń tún kóòdù sọ ló tètè ń gbó. Èyí tó ń sọ ìdí àti orísun ló ń pẹ́. Bí àlàyé àti kóòdù bá ta kora, ìtàn inú git ni kí a fi dájọ́. Àdéhùn tí ẹ̀rọ lè ṣọ́, kí a fi lockdep, kernel-doc tàbí kóòdù gan-an ṣọ́ ọ. Èyí tí kò lè ṣọ́, kí ènìyàn méjì ó kéré tán kà á: ẹni tó kọ ọ́, àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdánrawò

1. Nínú àpẹẹrẹ 7.3, bí a bá yí `AAYE_KIKA_SEC` sí 45, kí ni `KIKA_FUN_IKILO` yóò di? Kọ ìlà kan tí yóò jẹ́ kí compiler kọ irú iye bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ àlàyé nìkan ni yóò máa kìlọ̀.
2. Ṣàlàyé ìdí tí àwọn patch tó tún àlàyé `mmap_sem` ṣe fi nílò ojú ènìyàn ju èyí tó yí kóòdù lọ.
3. Mú function kan nínú kernel tí àlàyé rẹ̀ sọ pé kí olùpè di àgádágodo mú. Wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é, kí o sì sọ bóyá wọ́n pa àdéhùn náà mọ́.
4. O rí àlàyé tó ní function kan kì í sùn, ṣùgbọ́n function náà ń pe `mutex_lock()`. Kọ àwọn ìgbésẹ̀ tí wàá gbé kí o tó pinnu èwo nínú méjèèjì ni wàá tún ṣe.
5. Kọ àlàyé kernel-doc fún function kan tó ń tan fáànù inú yàrá ọsàn ní Fìdítì. Sọ ohun tí `make W=1` lè ṣọ́ nínú rẹ̀, àti ohun tó kù fún ẹni tó ń yẹ patch wò.